Jacob Kẹ́hìndé Coker: Àgbẹ̀ tí Irúgbìn Rẹ̀ Rìn Jìnnà Ju Oko Rẹ̀ Lọ

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń dífá ní ọrọọrún. Bí òwe yìí ti bá babaláwo wí, bẹ́ẹ̀ náà ni ó bá àgbẹ̀ wí. Ẹni tí ó bá ń ti ara ilẹ̀ jẹun kò gbọdọ̀ rò pé bí òjò ti rọ̀ ní èṣí ni yóò tún rọ̀ ní àmọ́dún, tàbí pé iye tí ọjà fi ra èrè oko rẹ̀ lánàá ni yóò fi rà á lọ́la. Láti ayébáyé ni àwọn baba ńlá wa ti mọ èyí. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi gbin ohun kan ṣoṣo sí oko, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi kí igbó tún hù padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń lọ sópin, ayípadà kan dé bá ilẹ̀ Yorùbá tí ìmọ̀ àtijọ́ nìkan kò lè kápá. Ogun parí, òwò epo pupa rọ̀, ìjọba àjèjì dé, owó sì di ohun tí gbogbo ilé gbọ́dọ̀ wá. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ọkọ́ àti àdá dáhùn ayípadà náà ni Jacob Kẹ́hìndé Coker ti Agége.

Àwọn ọmọ Ìjọ Áfíríkà kò gbàgbé orúkọ rẹ̀, nítorí baba ni wọ́n kà á sí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tí owó kòkó rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn, ní Ondó, ní Ìlẹ̀ṣà àti ní Èkìtì ni kò mọ̀ pé ọkùnrin náà wà láyé rí. Ìtàn rẹ̀ yẹ ní gbígbọ́, kì í ṣe nítorí pé ohun gbogbo yọrí sí rere fún un, bí kò ṣe nítorí pé ó fi ohun tí àṣà lè ṣe hàn nígbà tí ayé bá yí padà.

Ayé tí a bí i sí

Ní ọdún 1866 ni a bí Coker. Ọmọ Ẹ̀gbá ni. Orúkọ àmútọ̀runwá rẹ̀ fi hàn pé ìbejì ni, àti pé òun ni ó gbẹ̀yìn jáde. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, nítorí pé òun ni ó rán Táíwò ṣíwájú kí ó lọ tọ́ ayé wò. Bí a ó ti rí i, nínú ọ̀rọ̀ kòkó pẹ̀lú, ẹlòmíràn ni ó ṣíwájú rẹ̀ lọ tọ́ ọ wò.

Ọdún kan lẹ́yìn tí a bí i ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó oníwàásù kúrò ní ìlú, tí wọ́n sì kó àwọn ilé ìsìn. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sá wá sí ìhà Èkó, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ẹ̀búté Mẹ́ta. Coker kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1877 láàárín Ìbàdàn àti àwọn Èkìtìparapọ̀. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní ọdún 1886, síbẹ̀ àwọn jagunjagun kò tú ká pátápátá títí di ọdún 1893. Ní gbogbo àkókò náà, ọ̀nà a máa dí, ọ̀nà a máa ṣí; bí ó bá dí, ẹrù kì í dé Èkó, bí ó bá sì ṣí, oníbodè a gba tirẹ̀.

Epo pupa àti ẹ̀kùrọ́ ni ohun tí ilẹ̀ Yorùbá ń tà fún àwọn òyìnbó nígbà náà. Ọwọ́ àwọn obìnrin ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà wà: àwọn ni ó ń se ẹyìn, tí ó ń gún un, tí ó ń fún epo rẹ̀, tí ó sì ń pa ẹ̀kùrọ́. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 1860 lọ ni iye tí àwọn òyìnbó ń san lórí epo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, nítorí pé òróró inú ilẹ̀ àti ọ̀rá ẹran láti ilẹ̀ mìíràn ti ń bá a du ọjà ní Yúróòpù. Nígbà tí ó fi máa di àwọn ọdún 1880 àti 1890, ìfàsẹ́yìn náà ti wọra. Àwọn oníṣòwò aláwọ̀ dúdú ní Èkó, tí wọ́n ti ń gba ọjà láwìn lọ́wọ́ òyìnbó tí wọ́n sì ń tà á fún àwọn ará òkè, rí i pé àwìn kò yá mọ́, pé èrè ti tín-ín-rín, àti pé àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó fẹ́ máa bá àwọn ará oko ra ọjà fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ ilé ọlá ní Èkó ni gbèsè wó.

Ẹni tí ó ṣíwájú tọ́ kòkó wò

Ọ̀kan nínú àwọn tí gbèsè wó bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gákọ̀ James Pinson Labulo Davies, ẹni tí ó fẹ́ Sarah Forbes Bonetta, ọmọbìnrin tí Ọbabìnrin Victoria gbà tọ́. Davies ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rọ̀ Èkó, ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1870 òwò rẹ̀ dojú dé. Dípò kí ó jókòó kí ó máa ká ọwọ́ mọ́rí, ó wá ilẹ̀ sí Ìjọn, ní ìwọ̀-oòrùn Agége, ó sì gbin kòkó sí i ní nǹkan bí ọdún 1880. Igi náà kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù ni ó ti wá, ó sì ti ń hù ní erékùṣù Fernando Po kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ó yẹ kí a lóye bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lójú àwọn ará Èkó ìgbà náà. Ọ̀mọ̀wé tí ó ń wọ kóòtù, tí ó ń lọ sí ilé ìsìn pẹ̀lú ìwé orin lọ́wọ́, kò ka oko ríro sí iṣẹ́ ọmọlúàbí. Òwò, iṣẹ́ akọ̀wé, iṣẹ́ àlùfáà àti iṣẹ́ lọ́yà ni wọ́n ń du. Nítorí náà, ìgbésẹ̀ ńlá ni kí oníṣòwò ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ó sì kọrí sí igbó. Ohun tí Davies ṣe ní Ìjọn fi han àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn pé ilẹ̀ lè gba ẹni tí ọjà ti kọ̀ sílẹ̀.

Coker jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn náà. Oníṣòwò ni òun pẹ̀lú ní Èkó. Nígbà tí òwò ń le sí i, ó yíjú sí ilẹ̀ tí ó wà ní Ìfàkò, lẹ́bàá Agége, ó sì sọ ọ́ di oko ńlá. Kọfí ni ọ̀pọ̀ àwọn olóko àdúgbò náà fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rúndún náà ti ń parí lọ, kọfí láti ilẹ̀ Bùràsíìlì kún ọjà ayé, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀. Àwọn olóko Agége kò bá kọfí kú. Wọ́n jẹ́ kí kòkó gba ipò rẹ̀. Èyí ni ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní tí iṣẹ́ náà kọ́ wọn: olóko kò gbọdọ̀ fi igi kan ṣe ọlọ́run.

Ìjọ àti oko

Ní ọdún 1901, ohun méjì ṣẹlẹ̀ tí ó yí ìgbésí ayé Coker padà. Èkíní ni pé ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Ìbàdàn, ó sì ń gba Agége kọjá. Ẹrù tí ó ti máa ń gba ọjọ́ púpọ̀ lórí aláàárù wá ń dé etí òkun láàárín ọjọ́ kan. Èkejì ni èdè-àìyedè tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìsìn St. Paul's ní Breadfruit, Èkó. James Johnson, àlùfáà aláwọ̀ dúdú tí àwọn ènìyàn bọ̀wọ̀ fún gidigidi, ti ń ṣe olùṣọ́ ìjọ náà láti ọdún 1880. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di igbákejì bíṣọ́ọ̀bù, àwọn aláṣẹ òyìnbó ní kí ó fi ibẹ̀ sílẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà ṣe é bí ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ nínú. Coker, tí ó jẹ́ wọ́dìn níbẹ̀, ni ó ṣíwájú àwọn tí ó jáde. Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn jáde, ṣùgbọ́n wọn kò padà. Láti inú ìjáde náà ni Ìjọ Áfíríkà ti dìde, ìjọ tí aláwọ̀ dúdú ń ṣe àkóso rẹ̀, tí ó sì gba ọmọ ìjọ tí ó ní ju ìyàwó kan lọ láàyè láti jọ́sìn láìkọ aya rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìjọ yìí kò yà kúrò lára ọ̀rọ̀ oko. Ìjọ tí kò gba owó lọ́wọ́ òyìnbó gbọ́dọ̀ ní ibi tí owó rẹ̀ yóò ti máa wá. Oko Agége ni ó di orísun náà. Púpọ̀ nínú àwọn olóko ńlá Agége ni ó jẹ́ aṣáájú nínú Ìjọ Áfíríkà; owó kòkó ni ó ń kọ́ ilé ìsìn, òun ni ó sì ń gbọ́ bùkátà oníwàásù. Àwọn oníwàásù náà, bí wọ́n bá lọ sí ìlú òkè, kì í ṣe Bíbélì nìkan ni wọ́n ń gbé lọ. Wọ́n ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n gbin kòkó, kí wọ́n má ṣe jókòó de ẹnikẹ́ni láti bọ́ wọn.

Bí iṣẹ́ ti rí ní Ìfàkò

Oko ńlá kò ṣeé dá ro. Ní ayé àtijọ́, àwọn ọmọ ilé, ìwọ̀fà àti ẹrú ni ó ń ṣiṣẹ́ lóko ọlọ́lá, àwọn ọ̀rẹ́ sì ń fi àárọ̀ àti ọ̀wẹ̀ ran ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ogun parí tí òwò ẹrú sì tán nílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìbá máa tẹ̀lé balógun kò ní iṣẹ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba titun ń béèrè owó, ìdána ìyàwó sì ń gba owó. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ni ó wá sí Agége láti òkè láti ṣe lébúrà. Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ fún sáà kan, wọ́n ń gba owó, wọ́n sì ń padà sílé.

Ní oko ni wọ́n ti kọ́ ìlànà iṣẹ́ náà. Wọ́n kọ́ pé a kì í gbin kòkó sí gbalasa, nítorí oòrùn yóò pa á ní kékeré. A gbọ́dọ̀ fi àwọn igi ńlá díẹ̀ sílẹ̀ nínú igbó, kí a kọ́kọ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò láti ṣíji bò ó. Wọ́n kọ́ pé yóò tó bí ọdún mẹ́rin sí márùn-ún kí igi náà tó so, nítorí náà iṣu, àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀ ni olóko yóò máa jẹ kí ìgbà náà tó tó. Wọ́n kọ́ pé bí a bá ká a tí a sì la á, a kò gbọdọ̀ sáré sá a. A ó kó horo rẹ̀ jọ, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ó gbóná kí ó sì dẹ̀, lẹ́yìn èyí ni a ó sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ. Kòkó tí a kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún yóò korò, olùrà yóò sì já iye rẹ̀.

Bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá ń padà lọ sí ìlú rẹ̀, ó ń di odindi èso kòkó díẹ̀ mọ́ ẹrù rẹ̀. Odindi ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́, nítorí pé horo kòkó tí a ti yọ kúrò nínú èèpo rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Ó ń gbìn ín sí ẹ̀bá oko bàbá rẹ̀. Bàbá a wò ó, a rẹ́rìn-ín. Ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, bàbá fúnra rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè irúgbìn. Kì í ṣe Agége nìkan ni kòkó gbà wọ ilẹ̀ òkè, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan pàtàkì ni Agége jẹ́. Coker kò sì pa ìmọ̀ náà mọ́ fún ara rẹ̀. Oko Ìfàkò di ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́ iṣẹ́ kòkó.

Ní ọdún 1907, àwọn olóko àdúgbò náà dá Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Olóko Ńlá Agége sílẹ̀, Coker sì ni aṣáájú wọn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Wọ́n fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí owó tí wọn yóò máa san fún lébúrà, lórí bí kòkó wọn yóò ti mọ́ tó, àti lórí bí wọn yóò ti máa tà á kí wọ́n má bàa máa já owó ara wọn. Wọ́n ran àwọn tí ó fẹ́ gbin kòkó lọ́wọ́ ní àwọn ìlú òkè pẹ̀lú.

Bí àwọn ará òkè ti sọ kòkó di tiwọn

Níhìn-ín ni ìtàn náà ti gba ọ̀nà tí àwọn olóko Agége kò retí. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní oko ńlá, lébúrà olówó oṣù, àti ìwé ìṣirò bí ti oníṣòwò. Àwọn ará òkè kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Wọ́n mú igi náà, wọ́n fi ìlànà oko ńlá sílẹ̀. Àgbẹ̀ gbin ìwọ̀n tí òun, àwọn ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ lè tọ́jú, ó gbìn ín láàárín iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, bí ọdún bá sì yí ká, ó fi díẹ̀ kún un. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, ó bẹ ọ̀wẹ̀. Oúnjẹ àti ẹmu ni ó fi ń tẹ́ wọn lọ́rùn.

Àṣà ilẹ̀ pẹ̀lú ní láti yí ara padà. Lọ́dọ̀ àwọn baba wa, ẹbí ni ó ni ilẹ̀: òkú ni ó fi sílẹ̀, alààyè ni ó ń lò ó, àwọn tí a kò tíì bí sì ní ìpín nínú rẹ̀. A lè yá àlejò ní ilẹ̀ láti gbin oúnjẹ, ṣùgbọ́n a kì í jẹ́ kí ó gbin igi tí yóò pẹ́, nítorí igi a máa di ẹ̀rí. Kòkó ń gbé ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Báwo ni àlejò yóò ti gbìn ín láìgba ilẹ̀ onílẹ̀? Àwọn àgbà kò sọ àṣà nù, wọn kò sì jẹ́ kí àṣà dí ọ̀nà. Wọ́n ya igi sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀. Ẹni tí ó gbin igi ni ó ni igi, àwọn ọmọ rẹ̀ sì lè jogún rẹ̀; ẹbí onílẹ̀ ni ó ṣì ni ilẹ̀. Láti fi hàn pé àlejò kò gbàgbé èyí, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, èyí tí ó ti jẹ́ iṣu tàbí epo tẹ́lẹ̀, tí ó sì wá di kòkó tàbí owó. Nípa bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn láti ìlú kan ṣe rí ilẹ̀ gbin kòkó sí ní Ifẹ̀, ní Ondó àti ní ibòmíràn.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ tuni lára. Ìṣákọ́lẹ̀ tí ó jẹ́ àmì ọ̀wọ̀ ní àtètèkọ́ṣe di ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ lọ sí kóòtù. Ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹbí jà lórí ààlà tí ẹnikẹ́ni kò bìkítà fún rí. Àwọn tí ó nílò owó fi oko kòkó dógò, àwọn ẹlòmíràn kò sì rí i gbà padà. Àwọn obìnrin ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Nínú òwò epo, wọ́n ní owó tiwọn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni ó ń gbin kòkó, òun ni ó sì ni igi, nígbà tí ìyàwó ń fọ́ ọ, tí ó ń rù ú, tí ó sì ń sá a. Àwọn obìnrin tí ojú wọn là wá ọ̀nà mìíràn: wọ́n di alájàpá tí ń ra kòkó kiri abà, wọ́n ń ta oúnjẹ fún àwọn lébúrà, àwọn mìíràn sì gbin tiwọn.

Síbẹ̀, ohun tí àwọn ará òkè ṣe kẹ́sẹ járí. Ní ọdún 1900, nǹkan bí igba tọ́ọ̀nù kòkó ni ó jáde kúrò ní ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1910 ó ti sún mọ́ 3,000 tọ́ọ̀nù, ní ọdún 1920 ó lé ní 17,000, nígbà tí ó sì fi di ọdún 1930 ó ti lé ní 50,000. Ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ilẹ̀ Yorùbá ni ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wá.

Ọdún ìjákulẹ̀ àti gbànja

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, ọkọ̀ òkun ṣọ̀wọ́n, iye kòkó sì wálẹ̀. Lẹ́yìn ogun náà ó fò sókè lójijì, gbogbo ènìyàn sì rò pé ayé ti dára. Ṣùgbọ́n kí ọdún 1920 tó parí, ó já lulẹ̀. Ìjákulẹ̀ yìí ba àwọn olóko Agége jẹ́ ju àwọn àgbẹ̀ òkè lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Olóko ńlá gbọ́dọ̀ san owó lébúrà yálà kòkó tà tàbí kò tà, gbèsè tí ó jẹ ilé iṣẹ́ òyìnbó kò sì dáwọ́ dúró. Àgbẹ̀ òkè kò jẹ lébúrà lówó. Bí kòkó kò bá tà, ó padà sí iṣu rẹ̀, ó sì dúró de ọdún tí ń bọ̀.

Ilẹ̀ pẹ̀lú ti ń sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ Agége ní iyanrìn nínú, kò sì gba kòkó tó ilẹ̀ Ìbàdàn, Ifẹ̀ tàbí Ondó. Àwọn igi ibẹ̀ ti ń gbó, àrùn sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Àwọn ará Agége rí i pé bí kọfí ti kọ̀ wọ́n ní ìgbà kan ni kòkó náà ti fẹ́ kọ̀ wọ́n. Wọ́n tún yí padà. Lọ́tẹ̀ yìí, obì ni wọ́n gbá mú.

Obì kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Àbàtà ni obì ilẹ̀ wa, tí a fi ń bọ òrìṣà, tí a fi ń sọ ọmọ lórúkọ, tí a sì fi ń gba àlejò. Ṣùgbọ́n gbànja ni àwọn Hausa fẹ́ràn, ilẹ̀ Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, ni wọ́n sì ti ń kó o wá sí Èkó nínú ọkọ̀ òkun. Àwọn olóko Agége wò ó pé ohun tí a ń rà ní òkèèrè lè hù nílé. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dé Kánò ní ọdún 1912, ọ̀nà ọjà là sílẹ̀ fún wọn. Gbànja wọn ń wọ ọkọ̀ lọ sí òkè ọya, àwọn oníṣòwò Hausa sì wá ń gbé Agége. Láàárín ọdún 1920 sí 1940, obì gba ipò kòkó ní àdúgbò náà, ó sì tàn dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú Rẹ́mọ. Ọjà tí òyìnbó kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀ ni, iye rẹ̀ kò sì dúró lé ohun tí Lọ́ńdọ̀nù bá fẹ́.

Ohun tí ó kù lẹ́yìn rẹ̀

Coker kú ní ọdún 1945. Kò rí i kí Agége di ọba kòkó bí ó ti retí ní ọdún 1907. Ní ọdún 1944, ọdún kan kí ó tó kú, a rí àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú ní ilẹ̀ Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e, ìjọba gé ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi lulẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì bínú. Síbẹ̀ igi náà kò run. Owó kòkó wà nínú èyí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ilé gogoro tí wọ́n kọ́ parí ní Ìbàdàn ní ọdún 1965. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ rí i pé owó orí ń pọ̀ tí iye tí a ń san lórí kòkó sì kéré, wọ́n dìde nínú rògbòdìyàn Àgbẹ̀kọ̀yà ti ọdún 1968 àti 1969. Lẹ́yìn náà ni epo rọ̀bì dé, tí ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ sá kúrò lóko. Ní ọdún 2024, iye kòkó ní ọjà ayé ju 10,000 dọ́là lọ lórí tọ́ọ̀nù kan fún ìgbà díẹ̀, àwọn tí ó ti gbàgbé oko bàbá wọn sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀nà ibẹ̀.

Ibi tí oko Ìfàkò wà ti di ìgboro báyìí. Ilé, ọ̀nà mọ́tò àti ọjà ni ó gba ipò igi kòkó. Bí a bá fi oko nìkan wọn iṣẹ́ Coker, a lè sọ pé kò dúró. Ṣùgbọ́n irúgbìn tí ó ti oko náà jáde ti rìn jìnnà, ó sì ti ta gbòǹgbò ní ibi tí Coker kò dé. Ohun tí ó mú un dúró níbẹ̀ kì í ṣe ìlànà oko ńlá, kì í ṣe owó òyìnbó. Ẹbí tí ó ṣiṣẹ́ pọ̀ ni, ọ̀wẹ̀ tí a bẹ̀ ni, iṣu tí a kò yé gbìn ni, àti àwọn àgbà tí ó mọ bí a ti ń tún àṣà ilẹ̀ ṣe láìba ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn olùkọ́ wọn gbé èyí yẹ̀ wò. Nígbà tí ayé bá yí, àwọn kan a ní kí a sọ gbogbo àṣà nù. Àwọn mìíràn a ní kí a má ṣe fọwọ́ kan ohunkóhun. Àwọn ará òkè tí ó gba kòkó lọ́wọ́ Agége kò ṣe ti èkíní, wọn kò sì ṣe ti èkejì. Ẹ̀bá oko ni wọ́n kọ́kọ́ gbin ohun titun sí. Nígbà tí ó so, wọ́n jẹ́ kí ó wọ àárín oko, ṣùgbọ́n wọn kò hú iṣu nítorí rẹ̀. Òjò tún ti ń yí ìṣe rẹ̀ padà lóde òní, ọjà sì ń ṣe ségesège. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó bá rántí bẹ́ẹ̀ kò ní ṣìnà.